Ohùn Mẹ́ta Tó Di Odindi Bándì: Ìtàn Lambert, Hendricks àti Ross

Ká ní ẹgbẹ́ akọrin kan ní New York mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orin Count Basie, olórí bándì jáàsì, ní 1957 ni, àwọn mẹ́ta tí mo fẹ́ sọ ìtàn wọn yìí ì bá má di ẹgbẹ́ láéláé. Dave Lambert àti Jon Hendricks ló kó àwọn akọrin náà jọ. Èrò wọn ni láti mú àwọn orin tí bándì Basie ti fi fèrè gbé jáde, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí gbogbo ohùn tó wà níbẹ̀, látorí ohùn gbogbo agbo fèrè títí dórí ti ẹni tó dá fọn tirẹ̀, kí èèyàn wá fi ẹnu kọ ohun tí idẹ ti kọ. Àwọn akọrin náà mọ ìwé orin kà. Bí ẹ bá gbé ìwé síwájú wọn, wọn kì í ṣi ohùn pè. Ṣùgbọ́n ìjó kò sí nínú ohùn wọn. Lambert ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Annie Ross, pé kó wá kọ́ wọn bí orin Basie ṣe ń fì. Ó sa ipá rẹ̀, kò bọ́ sí i. Owó tí ilé-iṣẹ́ ABC-Paramount yà sọ́tọ̀ sì ń lọ, ọkàn Creed Taylor tó ń bójú tó iṣẹ́ náà kò balẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni Lambert dá a lábàá pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn akọrin máa lọ sílé, kí òun, Hendricks àti Ross kọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n máa kọ ohùn lé ohùn títí yóò fi kún bí bándì.

Bí wọ́n ṣe dá Lambert, Hendricks àti Ross sílẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìpàdé, kò sí òfin ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó jókòó ronú orúkọ. Orúkọ bàbá àwọn ọkùnrin méjèèjì àti orúkọ ìtàgé Ross ni wọ́n tò tẹ̀ léra. Láti 1957 títí di 1962 ni wọ́n fi wà pọ̀, nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ẹgbẹ́ tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tó lè dúró lé lórí bí kò ṣe àwo orin rẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé títún tí wọ́n ń tún àwọn àwo yẹn gbé jáde, láti ìran kan sí òmíràn, ló sọ ọdún márùn-ún yẹn di ohun tí àwọn akọrin ṣì ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dòní. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn àwọn èèyàn náà àti ti àwọn àwo náà pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nínú jáàsì, bí bándì bá ti kọ orin dé ibì kan, olórin kan á dìde, á dá fọn fèrè tirẹ̀ láìsí ìwé níwájú. Ohun tó bá fọn lálẹ́ yìí, kò ní fọn ọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ló dá irú ohùn bẹ́ẹ̀ dúró, àwọn olólùfẹ́ orin sì bẹ̀rẹ̀ sí í há a sórí. Eddie Jefferson, tó jẹ́ oníjó àti akọrin, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rò ó pé ohun tí a lè há sórí, a lè fi ọ̀rọ̀ sí i. Ní 1949, James Moody fọn sàsófóònù ní Sweden lórí orin ìfẹ́ kan táwọn èèyàn ti mọ̀. Jefferson fi ọ̀rọ̀ sí ohun tí Moody fọn látòkè délẹ̀. King Pleasure gbé e sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ Prestige ní 1952, ó pè é ní "Moody's Mood for Love", ó sì tà. Irú orin yìí ni wọ́n ń pè ní vocalese.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá lè béèrè pé kí ló ṣòro níbẹ̀, ṣebí gángan wa ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí iṣẹ́ méjèèjì gbà yàtọ̀. Onígángan ti ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn kó tó gbé kọ̀ǹgọ́. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tó wà nínú èdè wa ni awọ ìlù ń tẹ̀ lé, ẹni tó gbọ́ èdè á sì mọ ohun tí ìlù ń wí. Sàsófóònù Moody kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ohùn tí fèrè lè tẹ̀ lé. Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sí i ní láti wá ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ bá iye ohùn fèrè dọ́gba, kí ibi tí afọnfèrè ti mí jẹ́ ibi tí gbólóhùn lè dánu dúró, kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe dí akọrin lẹ́nu nígbà tí fèrè bá ń sáré, kí ó sì ní ìtàn tí ń lọ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlù wa ń sọ ọ̀rọ̀ di ohùn. Tiwọn ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀, èyí sì ṣòro jù lójú mi, nítorí kò sí ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ náà rí.

Annie Ross ti ṣe irú rẹ̀ kí àwọn ọkùnrin méjèèjì tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Mitcham, nítòsí London, ni wọ́n ti bí i ní 1930, ọmọ àwọn òṣèré orí ìtàgé láti Scotland, Short sì ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ó kéré gan-an nígbà tí wọ́n mú un dé Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀, Ella Logan, tó jẹ́ akọrin, ló sì dàgbà sí ní Hollywood, tó ń ṣeré nínú fíìmù láti kékeré. Ní 1952, Bob Weinstock tó ni Prestige bi í bóyá ó lè ṣe irú ohun tí King Pleasure ṣe. Ó mú rẹ́kọ́ọ̀dù "Twisted" lọ sílé, èyí tí Wardell Gray fọn sàsófóònù nínú rẹ̀ ní 1949, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà: dókítà ọpọlọ ti sọ fún un pé orí rẹ̀ kò pé, òun náà sì ń ro ẹjọ́ tirẹ̀ pé òye òun ló ga ju tiwọn lọ. Ó gbé èrò lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin láìfi ohùn kan nínú ohùn Wardell Gray sílẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún sì ni.

Lambert ni àgbà nínú wọn. Boston ni wọ́n ti bí i ní 1917. Ó lu ìlù, ó sìn nínú iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì wọ bándì Gene Krupa lẹ́yìn náà. Ní 1945, òun àti Buddy Stewart kọ "What's This?" pẹ̀lú Krupa, ọ̀kan lára àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí wọ́n ti fi ẹnu kọ irú ohùn bebop, jáàsì tuntun ìgbà náà, láìsí ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀. Iṣẹ́ tó mọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pípín ohùn fún ọ̀pọ̀ akọrin. Ní 1953 òun ló kó akọrin jọ fún Charlie Parker, onísàsófóònù, nígbà tí Parker fẹ́ fọn fèrè láàárín ohùn èèyàn. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí sábà máa ń gbàgbé rẹ̀, nítorí pé kò ní ọ̀rọ̀ orin bíi ti Hendricks, kò sì ní ohùn tó ń dún bí tùróńpẹ́ẹ̀tì bíi ti Ross. Ṣùgbọ́n ẹ yọ Lambert kúrò, kò sí ẹni tí yóò mọ ohùn wo ni yóò dúró lórí èwo.

Hendricks ni akéwì wọn. Ní Newark, ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n ti bí i ní 1921, Toledo ló sì ti dàgbà, nínú ilé pásítọ̀ tó kún fún ọmọ. Art Tatum, àgbà nínú àwọn tó ń tẹ pìánò, jẹ́ ará Toledo bákan náà, Hendricks sì kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ó lọ sógun, ó dé, ó gba owó tí ìjọba fi ń rán àwọn ológun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì Toledo. Charlie Parker kọjá nílùú náà, ó gbọ́ ọ tó ń kọrin, ó ní kó fi òfin sílẹ̀ kó máa bọ̀ ní New York. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó gbọ́ "Moody's Mood for Love", ó sì mọ̀ pé ọ̀nà rẹ̀ là. Hendricks kò kọ́ bí a ti ń ka ìwé orin rárá. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ni kò rí iṣẹ́ náà ṣe.

Òun àti Lambert ti jọ gbé "Four Brothers" jáde ní 1955, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ sí ohùn sàsófóònù mẹ́rin inú bándì Woody Herman. Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn kò mi ìlú, ṣùgbọ́n ó fi han àwọn méjèèjì pé odindi agbo fèrè ṣeé kọ lẹ́nu. Láti ibẹ̀ ni ọkàn wọn ti lọ sọ́dọ̀ Basie.

Ẹ padà wá sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní 1957. Ẹ̀rọ tó ní ọ̀nà púpọ̀ fún ohùn kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kọ orin sórí téèpù kan, wọ́n á jẹ́ kó máa ké, wọ́n á tún kọ ohùn mìíràn lé e, gbogbo rẹ̀ á sì wọ téèpù kejì lápapọ̀. Bí wọ́n ti ń kọ ohùn lé ohùn ni ariwo téèpù náà ń pọ̀ sí i, bí ẹnì kan bá sì ṣìṣe, kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ tirẹ̀ nìkan. Ross ní láti gba iṣẹ́ àwọn tùróńpẹ́ẹ̀tì lókè lọ́hùn-ún, àwọn ọkùnrin sì pín tòrómbóònù àti sàsófóònù láàárín ara wọn. Nat Pierce wà nídìí pìánò. Freddie Green ta gìtá, Eddie Jones mú béèsì, Sonny Payne lu ìlù; inú bándì Basie gan-an ni àwọn mẹ́ta ìkẹyìn yìí ti wá, nítorí náà ilẹ̀ tí ohùn dúró lé kì í ṣe àfarawé.

Àwo náà ni Sing a Song of Basie. Nínú "Fiesta in Blue", Ross kọ ohun tí Buck Clayton fọn nínú tùróńpẹ́ẹ̀tì, ó gun òkè ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin kì í dé, kò sì fi agbára pariwo. Nínú "Little Pony", Hendricks gba ohùn Wardell Gray, ó sì ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, síbẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ló já geere. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ akọrin tó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. N kò tíì gbọ́ ẹni tó yára bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ sì tún balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wàhálà kan wà tí àwo náà kò jẹ́ kí àwọn èèyàn rí. Àwọn tó rà á fẹ́ wò wọ́n lórí ìtàgé, lórí ìtàgé sì rèé, ohùn mẹ́ta péré ló wà. Kò sí téèpù tí yóò sọ wọ́n di mẹ́sàn-án tàbí méjìlá. Wọ́n wá ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe kí ó lè jẹ́ pé ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́nu àwọn mẹ́ta yóò tó. Lójú mi, ìgbà yìí gan-an ni wọ́n di ẹgbẹ́. Àwọn àwo tó tẹ̀ lé e fi hàn pé wọn kò nílò ohùn tí wọ́n kó jọ léra mọ́. Ní 1958, Basie fúnra rẹ̀ gbé bándì rẹ̀ wá bá wọn nínú Sing Along with Basie fún ilé-iṣẹ́ Roulette, pẹ̀lú akọrin rẹ̀, Joe Williams. Ní 1959, wọ́n ṣe The Swingers! fún World Pacific, Zoot Sims sì fọn sàsófóònù níbẹ̀.

Columbia ló wá gbà wọ́n lẹ́yìn náà, àwo mẹ́ta tí wọ́n ṣe fún un ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ wọ́n. Àkọ́kọ́ ni The Hottest New Group in Jazz, tí bándì Ike Isaacs tì wọ́n lẹ́yìn, tí Harry Edison sì fọn tùróńpẹ́ẹ̀tì sí. "Twisted" Ross padà wá síbẹ̀. "Moanin'", "Cloudburst" àti "Centerpiece" wà níbẹ̀. Wọ́n kọ "Summertime" níbẹ̀ bí Gil Evans ti tò ó fún Miles Davis. Ó tọ́ kí n sọ ọ́ níhìn-ín pé ilé-iṣẹ́ Columbia kan náà, láàárín 1959 sí 1960 kan náà, ni Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ agbègbè Àgbádárìgì, ti ṣe Drums of Passion tirẹ̀. Ilé kan ló gbé ìlù tó ń sọ̀rọ̀ jáde àti ẹnu tó ń fọn fèrè, wọ́n sì jọ wà lọ́jà ní àkókò kan náà.

Àwo kejì, Lambert, Hendricks and Ross Sing Ellington, ti 1960, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gbọ́ "Cottontail". Ní 1940, bándì Duke Ellington gbé orin náà jáde, Ben Webster sì fọn sàsófóònù kan nínú rẹ̀ tí àwọn olórin ṣì ń há sórí. Hendricks gba orúkọ orin náà bó ṣe wà, ó sọ Webster di ehoro tó kúndùn kárọ́ọ̀tì nínú oko olóko, tí wọ́n ń kìlọ̀ fún un, tí kò gbọ́. Bí fèrè bá ń bẹ̀bẹ̀, ehoro ń bẹ̀bẹ̀. Bí fèrè bá ń fọ́nnu, ehoro ń fọ́nnu. Ibi tí àwọn idẹ ti dá Webster lóhùn, ibẹ̀ ni àwọn tó ń kìlọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ti Hendricks, tó wá padà sórí ti Webster, yóò rí i pé ìtàn ti wà nínú fèrè náà látìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí yóò sọ ọ́ jáde ni kò tíì sí.

Ẹ̀kẹta ni High Flying ti 1961, òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy fún ẹgbẹ́ akọrin ní 1962. "Mr. P.C." ti John Coltrane wà nínú rẹ̀, àti "Hi-Fly" ti Randy Weston.

Aláwọ̀ dúdú kan, aláwọ̀ funfun méjì, ọ̀kan nínú wọn obìnrin, lórí ìtàgé kan náà ní Amẹ́ríkà ṣáájú òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964. Àwọn ibì kan wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà tí èyí nìkan tó láti dá ìjà sílẹ̀. Orin wọn kò wàásù nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1961 wọ́n wọ iṣẹ́ kan tó wàásù gbangba: The Real Ambassadors, eré orin tí Dave àti Iola Brubeck kọ fún Louis Armstrong, nípa àwọn olórin aláwọ̀ dúdú tí ìjọba ń rán kiri ayé nígbà tí wọn kò ní ẹ̀tọ́ nílé.

Annie Ross fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1962. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé heroin ti di wàhálà sí òun lára. Ó padà sí London, ara rẹ̀ yá, ó sì ṣí ilé orin kan níbẹ̀ ní 1964, Annie's Room. Yolande Bavan, ọmọ Ceylon tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí, ló gba ipò rẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n kọ "Yeh Yeh" níbi àjọ̀dún jáàsì Newport ní 1963: inú bándì Mongo Santamaría ni orin náà ti wá, Hendricks sì fi ọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí Georgie Fame kọ "Yeh Yeh" ní Britain, ó dé ipò kìíní níbẹ̀ ní oṣù Kìíní 1965. Ẹgbẹ́ ti tú ká nígbà náà, ní 1964. Ní oṣù Kẹwàá 1966, táyà ọkọ̀ kan jò lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní Connecticut, Lambert dúró pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a pa. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe tún lè pàdé mọ́ àfi nínú àwo.

Ìpadàbọ̀ àwọn àwo náà sì ti bẹ̀rẹ̀ kí Lambert tó kú. Ní 1965, Sing a Song of Basie tún jáde lábẹ́ orúkọ Impulse, ẹ̀ka tí Creed Taylor kan náà ti dá sílẹ̀ fún ABC. Columbia kó àṣàyàn jáde ní 1974. Ní 1996 ni iṣẹ́ tí mo kà sí èyí tó dára jù ṣẹlẹ̀: ẹ̀ka Legacy ti Columbia kó àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú síídì méjì, ní pípé. Pípé yẹn ṣe pàtàkì. Àṣàyàn máa ń mú "Twisted" àti "Cloudburst", á fi ìyókù sílẹ̀. Sing Ellington kì í sì í ṣe àwo tó yẹ kéèyàn já sí wẹ́wẹ́, nítorí wọ́n tò ó kí ó lè fi onírúurú ìṣe Ellington hàn. Ọdún 1998 ni Sing a Song of Basie wọ ìwé ìrántí pàtàkì ti Grammy.

Ìdí tí kò fi sí àpótí kan ṣoṣo láti Amẹ́ríkà tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni pé àwọn tó ni wọ́n yàtọ̀ síra. ABC di ti MCA ní 1979, MCA di Universal. Columbia di ti Sony. Roulette àti World Pacific tún gba ọ̀nà tiwọn. Ní Yúróòpù, òfin ló ṣí ilẹ̀kùn. Ọdún 50 ni ẹ̀tọ́ ilé-iṣẹ́ lórí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fi ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di 70 ní 2013, wọn kò dá èyí tí ọdún rẹ̀ ti pé padà. Ohun tó bá ti jáde títí di òpin 1962 ti di ti gbogbo èèyàn níbẹ̀; èyí tó jáde láti 1963 wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ fún 20 ọdún sí i. Ẹ wo ibi tí òfin náà gé e sí: àwọn àwo tí Ross wà nínú wọn bọ́ sí apá kan, àwọn àwo Bavan bọ́ sí apá kejì. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé onírúurú ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù ń tún ti Ross tẹ̀, tí ti Bavan kò sì rí ẹni gbé e bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí fún Bavan, nítorí ohun tó ṣe ní Newport tọ́ sí kí ayé gbọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin 2018 mú kí ẹ̀tọ́ wà títí di oṣù Kejì 2067 lórí irú àwọn ohùn yìí tó jáde láti 1957.

Àwọn kan ń bínú sí àwọn àtúntẹ̀ Yúróòpù wọ̀nyí pé téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn, pé láti ara àwo tó ti jáde ni wọ́n ti ń dà á kọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà 2008, iná jó ilé ìpamọ́ kan ní Universal Studios ní Hollywood, ó sì jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ ráúráú. Ohun tí ẹ̀dà rẹ̀ bá pọ̀ nílé àwọn èèyàn kò lè parun bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sùn tí èmi ní sí ọ̀pọ̀ àtúntẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Lẹ́yìn páálí, níbi "Cottontail", orúkọ Ellington àti ti Hendricks ni wọ́n ń kọ sí ipò ẹni tó ṣẹ̀dá orin, láìsí ti Webster. Òfin ẹ̀tọ́ orin kò sì ka ohun tí afọnfèrè dá fọn sí ohun tí òǹkọ̀wé kọ, àfi bí àwọn tó ni orin bá fúnra wọn fi orúkọ rẹ̀ kún un, bí wọ́n ti kọ orúkọ Wardell Gray pẹ̀lú ti Ross sára "Twisted". Hendricks kò fi iṣẹ́ àwọn afọnfèrè náà pamọ́ rí. Gbogbo ìgbà ló ń dárúkọ àwọn tó fọn ohùn tó fi ọ̀rọ̀ sí. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń tún àwo wọ̀nyí gbé jáde kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a rìn: ta ló fọn ọ́n, nínú orin wo, ní ọdún wo, kí ó sì tẹ ọ̀rọ̀ orin náà pẹ̀lú, nítorí kò sí etí tó lè gbá gbogbo rẹ̀ mú nígbà àkọ́kọ́.

Àwọn tó gbá a mú kò fi í sílẹ̀. Akọrin Joni Mitchell ti sọ pé kò sí àwo mìíràn tí òun mọ gbogbo ọ̀rọ̀ àti ohùn inú rẹ̀ bíi The Hottest New Group in Jazz, àní títí kan àwọn àwo tòun. Ó kọ "Twisted" sínú Court and Spark ní 1974. Ní 1985, ẹgbẹ́ akọrin Manhattan Transfer ṣe odindi àwo pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Hendricks, wọ́n pè é ní Vocalese, wọ́n sì yàn án fún Grammy ní ìgbà 12. Hendricks padà sí Toledo gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní yunifásítì tí kò ti parí òfin. Ọ̀rọ̀ tó fi sí Miles Ahead, àwo Miles Davis àti Gil Evans, jáde lẹ́nu àwọn akọrin London Vocal Project ní New York ní oṣù Kejì 2017, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 95. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Annie Ross kú ní oṣù Keje 2020, ó ku díẹ̀ kó pé ẹni 90 ọdún.

Bí ẹ kò bá tíì gbọ́ wọn rí, ẹ má ṣe fi Sing a Song of Basie bẹ̀rẹ̀, ohùn inú rẹ̀ pọ̀ jù fún etí tí kò tíì mọ ọ̀nà. Ẹ wá "Cotton Tail" ti Ellington ti 1940, ẹ gbọ́ ọ títí ẹ ó fi lè fi ẹnu kùn ohun tí wọ́n fọn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbé ti àwọn mẹ́ta yìí sí i. Bí àtúntẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín kò bá sì dárúkọ Ben Webster, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.